Wáyà Tó Ń Rọ̀ Lẹ́yìn Kọ̀ǹpútà

Ọ̀nà méjì péré ni kọ̀ǹpútà náà là sílẹ̀ fún aránṣọ. Ó gbé ìkéde kan sí àárín ojú rẹ̀, ó ní ẹ̀yà tuntun ti ètò tó ń darí òun ti dé, ó sì to àpótí kékeré méjì sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Èkíní ní "Nísinsìnyí", èkejì ní "Tó bá yá". Aránṣọ wá "Rárá" títí, kò rí i. Ó ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó tún wò ó. Kò sí i níbẹ̀.

Ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n ti tọ́ ọ, níbi tí olùkọ́ obìnrin àgbà kan ti máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, tí kò fi àyè sílẹ̀ fún un láti kọ̀, kò béèrè rárá, àṣẹ ló pa. Nítorí náà, ó wo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni ń wo ọmọ tí wọn kò kọ́ nílé, ó sì tẹ "Tó bá yá". Lójú tirẹ̀, ó ti kọ̀. Láàárín àwọn tó tọ́ ọ dàgbà, ènìyàn kì í wo ojú ẹni tó bẹ̀ ẹ́ kó ní òun kò ṣe. Wọn á ní ó di ẹ̀yìn ọ̀la, wọn á ní a ó rí sí i, ẹni tó bá sì gbọ́n á gbé fìlà rẹ̀, á dìde. Kọ̀ǹpútà kò ní fìlà. Ó gba ọ̀rọ̀ náà bí ìlérí, ó sì ń padà wá lójoojúmọ́ bí ẹni tí a dá ọjọ́ fún.

Ọkọ aránṣọ ló ni kọ̀ǹpútà náà. Agéṣọ ni ọkùnrin náà kó tó kú. Òun ló ń gé, ìyàwó rẹ̀ ló ń rán, yàrá iwájú ilé wọn sì ni ṣọ́ọ̀bù. Kì í fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ kó tó gé e. Inú kọ̀ǹpútà ló ti ń ya ara oníbàárà lápá-lápá, èjìká lọ́tọ̀, àyà lọ́tọ̀, ìbàdí lọ́tọ̀, yóò wá tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé fífẹ̀ láti inú ẹ̀rọ gígùn kan tó dúró ti ògiri bí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé yẹn ni yóò tẹ́ sórí aṣọ kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní àwòrán tirẹ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ kan wà nínú wọn tí èjìká rẹ̀ ọ̀tún ga ju tòsì lọ. Bó bá ti wọ aṣọ tí ọkùnrin yìí gé, kò sí ojú tó lè rí i. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pàápàá kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú àwọn ọmọ kíláàsì kì í fo nǹkan.

Ètò tó fi ń ya àwòrán wọ̀nyí ti dàgbà. Àwọn tó ṣe é ti kógbá sílé tipẹ́, kò sì sí ẹni tí ènìyàn lè pè. Orí ètò ìpìlẹ̀ àtijọ́ tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló ti lè ṣiṣẹ́. Ètò ìpìlẹ̀ yìí ni onílé. Gbogbo ètò yòókù, ayálégbé ni wọ́n. Bí onílé bá yí padà, ẹni tuntun lè fẹ́ràn ayálégbé tó bá nílé, ó sì lè ní kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ojú onífọ́tò tó wà ní òdìkejì títì ti rí èyí. Ó tẹ "Nísinsìnyí" láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì parí wàhálà rẹ̀, kò dá ẹ̀rọ tó fi ń tẹ fọ́tò mọ̀ mọ́. Ó wá kìlọ̀ fún aránṣọ.

"Màmá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o," ó wí. "Mo ti dà bí ọkọ oníyàwó méjì. Àwọn méjèèjì wà nílé mi, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sùn dáadáa. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ètò náà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán jáde, ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìyẹn nígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Kò mọ yíyà. Bí ètò náà bá kú, àwòrán kan kò ní ṣí mọ́, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ á sì bá a lọ. Èyí nìkan tó láti kó àìsùn bá ènìyàn, àmọ́ kì í ṣe èyí nìkan. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, bí ó ṣe ń yí ìlà kan díẹ̀ sápá ibí, bí ó ṣe ń fi àánú bo ibi tí ara kò gún. Kò fẹ́ kí ọwọ́ náà kú lẹ́yìn ẹni tó ni ín.

Ohun kan sì ń rú u lójú. Ní gbogbo ìgbà ayé ọkùnrin náà, kò rí ìkéde yìí rí. Ó dà bí ẹni pé nǹkan náà gbọ́ pé baálé ilé ti lọ, tó wá ń kan ilẹ̀kùn opó.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Kò béèrè mọ́. Ó ní ẹ̀yà tuntun ti wà nínú ẹ̀rọ, ó ti ṣetán, òun yóò sì gbé e wọlé fúnra òun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ fún sùúrù rẹ̀.

Aránṣọ tẹ àwòrán olùkọ́ jáde lójú ẹsẹ̀, nítorí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé aṣọ wá, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú, ó sì ti fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá wọ́n ṣì lè bá òun rán an. Aránṣọ ti dáhùn pé wọ́n lè rán an. "Wọ́n" yẹn ni ẹnu rẹ̀ sọ, kò tún un ṣe. Lẹ́yìn ti olùkọ́, àwòrán tó kù pọ̀ ju ìwé tó wà nílé lọ. Ó pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì ránṣẹ́ pe àbúrò ọkọ rẹ̀.

Akọ̀wé ni aránṣọ ń pè é. Ọ̀sẹ̀ tó wọlé ọkọ ló ti fún un ní orúkọ náà, nígbà tó jẹ́ pé ọmọkùnrin tó ń fi bírò há irun lórí ni, tí kò tíì lè kọ gbólóhùn kan kó má pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó wá di akọ̀wé lóòótọ́, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, ó ní ìyàwó àwọn ti fẹnu sọ òun di akọ̀wé, ìbá ti dára ká ní ó pe òun ní Ọ̀gá Àgbà.

Ó yà nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kó wọlé," ó wí. "Tiwa wọlé ní ọ́fíìsì, a kò kú."

"Ẹ kò kú, àmọ́ ẹ kérora. Ṣé kì í ṣe etí tèmi lẹ rojọ́ sí?"

"Ìyẹn ṣẹlẹ̀." Ó fọwọ́ nu ojú. "Gbogbo nǹkan ni wọ́n gbé kúrò níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn jáde nílé, tí ìyàwó rẹ̀ wá tún yàrá ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ mọ́, àmọ́ ènìyàn kò rí ṣòkòtò mọ́."

Aránṣọ bi í léèrè bóyá ètò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀yà tuntun náà. Akọ̀wé jókòó, ó wo ẹ̀rọ gígùn tó wà létí ògiri. Lẹ́yìn náà ó ní òun kò mọ̀. Ohun tí aránṣọ fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn, bí kò bá mọ nǹkan, kì í da ọ̀rọ̀ bò ó.

"Ẹ ò rí i pé kì í ṣe oríkunkun ni mo ń ṣe," aránṣọ wí. "Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Ta ló pè é?"

Wọ́n fi fóònù pe ọmọbìnrin aránṣọ, tó ń gbé ìlú mìíràn, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní apá ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà báǹkì kan. Wọ́n gbé fóònù náà sórí tábìlì kí àwọn méjèèjì lè máa gbọ́ ọ. Ọmọ náà kí ìyá rẹ̀, ó kí Bàbá Kékeré, ó fetí sílẹ̀ títí wọ́n fi ka gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ náà fún un.

"Màámi," ó wí, "báwo ló ṣe rí íńtánẹ́ẹ̀tì? Bàámi kì í fi wáyà sí i."

Aránṣọ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà.

Wáyà yẹn ti jẹ́ ìjà láàárín òun àti ọkọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti inú àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà ní pálọ̀ ló ti wá, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, ó wá rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, orí rẹ̀ kò wọ ibì kankan. Bí ọkùnrin náà bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, yóò tì í bọ ihò rẹ̀. Bó bá parí, yóò tún fà á yọ, yóò jù ú sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á gbálẹ̀ dé ibẹ̀, á ní ìrù ewúrẹ́ wo tún ni èyí, ṣé kò lè fi nǹkan sí àyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ọkọ rẹ̀, tí kì í fi àlàyé ṣòfò níbi tí àwàdà bá tó, á ní kó jẹ́ kó máa gba atẹ́gùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn abánikẹ́dùn ti fọ́n ká, ó tún ibi ìjókòó ọkùnrin náà ṣe. Ó nu tábìlì, ó to àwọn sísọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ga sí, ó ká téèpù ìwọnṣọ mọ́ ara rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀, ó mú orí wáyà tó ń rọ̀, ó tì í bọ inú ihò rẹ̀ títí ó fi dún. Bí ìgbà tí a bá ń bá ẹni tó fẹ́ jáde de bọ́tìnnì tó gbàgbé ni. Iṣẹ́ ìkẹyìn tó rí ṣe fún un níbẹ̀ nìyẹn, ó sì ti sunkún díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó dìde.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo fi í sí i. Mo ṣe bí ó gbàgbé ni."

Akọ̀wé wo ilẹ̀. Láti inú fóònù, ọmọ rẹ̀ ní, "Màámi, ẹ kò ṣe nǹkan burúkú. Ibẹ̀ lẹ tún ṣe."

Akọ̀wé ti wọ abẹ́ tábìlì pẹ̀lú táì lọ́rùn. Wọ́n gbọ́ tí wáyà náà dún bó ṣe yọ ọ́. Ó béèrè láti abẹ́ ibẹ̀ bóyá ó ti parí, kí òun máa ṣàlàyé ìkúnlẹ̀ òun fún ẹ̀yìn òun lọ́nà ilé. Ọmọbìnrin náà ní kò tíì parí. Ká ní àlejò ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ni, títi ilẹ̀kùn ìbá tó. Ṣùgbọ́n ó ti wọlé, ó ti gbé ẹrù rẹ̀ sí igun yàrá, ọjọ́ Jímọ̀ ló ń dúró dè. Ẹrù yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó jáde, kí wọ́n sì dá ẹni tó lọ mú un wá dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọmọ ń darí, Akọ̀wé ń tẹ̀, aránṣọ sì ń ka ojú ẹ̀rọ sókè kí ọmọ lè mọ ibi tí wọ́n dé. Wọ́n ṣí ibi tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà wà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ tí ènìyàn kì í rí. Wọ́n wá ẹni tó ń lọ gba ohun tuntun wá láti ìta. Ọmọ náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá a dúró, kí wọ́n wá yí àṣẹ rẹ̀ padà, kó má lè dìde fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá tún tan ẹ̀rọ náà. Bí Akọ̀wé ṣe tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà gbé ìbéèrè dìde. Ó ní ṣé ó dá wọn lójú. Àpótí méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Aránṣọ tẹ̀ síwájú, ó fi ìka kan èkejì. "Ẹ wá wo nǹkan," ó wí. "'Rárá' rè é. Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

"Nígbà tó jẹ́ pé tirẹ̀ ló fẹ́ bàjẹ́," Akọ̀wé wí, ó sì tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni".

Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ sí àpò tí ẹ̀rọ náà kó ẹ̀yà tuntun pamọ́ sí. Ọmọ náà mú kí ìyá rẹ̀ ka orúkọ àpò náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà kí wọ́n tú u dànù, nítorí ó ní bí ọwọ́ bá ṣì bọ àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹkún ni. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù. Ó wá ku kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n sì tún un tàn. Títí di ìgbà yẹn, bí wọ́n bá lọ síbi pípa rẹ̀, á ní òun yóò gbé ẹ̀yà tuntun wọlé bí òun bá ti ń kú lọ. Nísinsìnyí, ó ní òun yóò kàn tún ara òun tàn. Kò ṣe àfikún kankan.

Ojú ẹ̀rọ náà dúdú. Ó pẹ́ nínú dúdú náà, tàbí ó kàn dà bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé ń tú táì rẹ̀. Aránṣọ di etí tábìlì mú, ó ń wo òjìji ara rẹ̀ nínú gíláàsì.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dé, àwòrán àtijọ́ ló gbé wá, òkè kan àti ìkùukùu rẹ̀. Aránṣọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ètò ìgéṣọ náà. Ó ń lọ́ra bó ti ṣe máa ń lọ́ra. Ó ṣí. Ó mú àwòrán olùkọ́ jáde, èjìká méjèèjì pé síbẹ̀, ọ̀tún sókè, òsì nísàlẹ̀.

"Ó ṣí," ó sọ sínú fóònù.

Ọmọ rẹ̀ mí. Ó wá kì í nílọ̀ bí àgbàlagbà. Ó ní kọ̀ǹpútà tí kò gba àtúnṣe láti ìta mọ́ dà bí ilé tí àgádágodo rẹ̀ ti dípẹtà, kí ìyá òun má tún gbé e dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì láéláé, kó máa fi fóònù ṣe ìyẹn. Ó tún ní kó má ṣe rò pé àwọn ti ṣẹ́gun. Ẹ̀rọ ń darúgbó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí eléyìí kò ní jí. Kó ra ìwé sí i, kó sì tẹ gbogbo àwòrán náà jáde kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Kí Akọ̀wé tó lọ, aránṣọ ya ìrépé aṣọ pupa kan, ó sì so ó mọ́ orí wáyà tó ń rọ̀ náà, kí ọwọ́ tó bá fẹ́ràn àtúntò jù, ọwọ́ tirẹ̀ ṣáájú, lè rántí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ dé, ó kọjá. Kò sí ìkéde kankan. Aránṣọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú ife tíì rẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó dìde lọ wá òwú tó bá aṣọ olùkọ́ mu.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn yòókù jáde. Ó ń ká ìwé kọ̀ọ̀kan bí ẹní, ó ń kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí etí rẹ̀. Ó ti lọ jìnnà kó tó kan àpò kan tí wọ́n pè ní "Abẹ́rẹ́". Ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń pe aránṣọ bẹ́ẹ̀. Kò ṣí i rí, nítorí aṣọ tirẹ̀ máa ń bá a lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ni, gígé, kíká, ó kàn máa rán an.

Àwòrán ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Ọdọọdún ni ọkùnrin náà ń ya òmíràn, ó sì fi wọ́n lé ara wọn débi tí aránṣọ fi lè rí ara rẹ̀ bó ṣe ń yí padà, ìlà lórí ìlà. Ìbàdí ń fẹ̀. Kì í fẹ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ lọ́dún yìí, díẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Aránṣọ ti máa ń yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ara òun kò yí padà láti ọjọ́ ìgbéyàwó, pé kí wọ́n bi aṣọ òun léèrè. Ọkọ rẹ̀ á jókòó síbẹ̀, á máa mi orí, ẹlẹ́rìí èké. Aránṣọ rẹ́rìn-ín nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

Ó wá rí àwòrán tó gbẹ̀yìn. Èyí kò fẹ̀. Èjìká rẹ̀ ti wọlé, ìbàdí ti fà sínú ju ti ọdún méjì ṣáájú lọ. Ó wo ìgbà tí wọ́n yà á. Ìgbà àìsàn ni. Kò sí ẹni tó fi téèpù wọ̀n ọ́n nígbà náà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ó ń rù. Òun ló ń gbé ẹlòmíràn dìde, òun ló ń fọ aṣọ ibùsùn, ta ló ráyè wo dígí? Àmọ́ ní àwọn ọ̀sán kan, ọkùnrin náà máa ń ní kó ran òun lọ́wọ́ dé orí àga iwájú kọ̀ǹpútà. Aránṣọ ti rò pé ó kàn fẹ́ fi àga náà gbàgbé ìrora ni. Láti orí ibùsùn ló ti ń fi ojú wọ̀n ọ́n.

Kò gé aṣọ náà kó tó kú. Àwòrán ló rí yà.

Aránṣọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó mú aṣọ kan tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tipẹ́, aláwọ̀ ewé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígé, ó fi òkúta kékeré mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Kò gé aṣọ fúnra rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti ń ránṣọ. Ó mú sísọ́ọ̀sì ńlá, ó wúwo ju bí ó ti rò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi èjìká, ó sì ń tẹ̀ lé ìlà náà jẹ́jẹ́.

Akọ̀wé yà kí i ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Ó béèrè àlejò ìjọ́sí, aránṣọ ní kò padà wá. Ó jókòó. Ó wá wo aṣọ aláwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀, ó wò ó láti ọrùn dé ẹsẹ̀, nítorí àbúrò agéṣọ ni, ó mọ ohun tó ń wò.

"Ìyàwó wa," ó wí, "aṣọ tuntun nìyí. Ó bá yín mu. Ta ló gé e?"

Aránṣọ na etí aṣọ náà síta, níbi tí sísọ́ọ̀sì ti yẹ̀ díẹ̀ tí ìgé kò fi gún tó.

"Èmi ni mo fi sísọ́ọ̀sì gba ibẹ̀," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n yín ló gé e."